Ẹ Bi Mí Léèrè: Àwọn Tó Ti Gbé Ọtí Ayọ̀ Jáde Kí Eré Tó Parí

Nínú ìwé wa tó jáde kọjá, mo ṣèèṣì sọ ọ́ pé eré tó dùn mọ́ mi jù láyé mi kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, àti pé mo fi odindi òru kan wò ó ní Akúrẹ́ níbí. Háà, ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́ látìgbà náà! Àwọn kan bú mi, àwọn kan ní ṣé mo ti di òyìnbó ni, àwọn kan sì béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Àwọn tó béèrè ọ̀rọ̀ gidi ni mo dá lóhùn níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bú mi, a máa pàdé ní pápá ìṣeré Township lọ́jọ́ tí Sunshine Stars bá ń gbá.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Mo gbìyànjú láti wo eré yín yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó ń tutọ́, tó ń wo ẹnì kejì tó mú igi dání, wọ́n ń wo ara wọn títí, mo bá sùn lọ. Kí lẹ rí níbẹ̀ gan-an? — Bàbá Tíṣà, Oǹdó

Bàbá, ẹ kú ìsinmi, kí ara ó le. Ẹ̀yin tíṣà ló tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ ọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ráúndàs ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi gbá a, á sì sá yí ká kí wọ́n tó mú un. Ọmọ ìyá ráúndàs ni. Ikọ̀ méjì, èèyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ìyípo mẹ́sàn-án. Ikọ̀ tó bá kàn láti gbá á máa gbá a lọ títí ẹni mẹ́ta nínú wọn á fi áótù, á wá kan àwọn tọ̀hún. Béèsì mẹ́rin ló wà, ẹni tó bá yí i ká tó padà délé ló jẹ góólù kan. Tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá ògiri pápá, home run nìyẹn, kò ní sáré mọ́, á kàn máa yan fanda yí ká ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí àgógó tó máa gbà yín sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń na ẹnì kejì tó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lè ṣubú lulẹ̀ kẹ́ ẹ di itan mú, góólì-kípà yín lè so okùn bàtà lẹ́ẹ̀mẹta. Níbí, kò sáyè ìyẹn. Lóòótọ́ láti 2023 wọ́n ti gbé àgógó kékeré kan síbẹ̀ kí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù má baà máa fàkókò ṣòfò láàrin bọ́ọ̀lù kan sí èkejì, àmọ́ ìyẹn ò lè parí eré fún ẹnikẹ́ni. Dandan ni kẹ́ ẹ ju bọ́ọ̀lù fún ọ̀tá yín kó gbìyànjú tiẹ̀, títí dórí ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n tó máa áótù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ò gbàgbé nínú eré yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibi tẹ́nì kan ti rò pé ó ti parí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti òru tí mo wí yẹn. November 2, 2016, World Series, ìyẹn àṣekágbá wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ yege lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ín. Chicago Cubs àti Cleveland ti yege lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta, ó wá ku ẹyọ kan. Cubs yìí o, wọn ò gba ife látì 1908! Bàbá, ní 1908 wọn ò tíì pa Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cleveland, aago kan òru nìyẹn lọ́dọ̀ wa, mo wà nínú yàrá mi ní Òkè-Àró, NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ń ké lẹ́yìn wíńdò, epo inú ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Cubs ń na wọn 6-3 nínú ìyípo kẹjọ, ó ku kí wọ́n áótù ẹni mẹ́rin péré. Bí Cleveland ṣe rí ọ̀kan nìyẹn, 6-4, ni Rajai Davis tí kì í tiẹ̀ ṣe ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ home run bá gbá bọ́ọ̀lù Aroldis Chapman, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni yin ìbọn, ó gbá a kọjá ògiri apá òsì, 6-6. Ariwo tí mo pa, aládùúgbò mi fọwọ́ kan ògiri gbà-gbà-gbà.

Ìyípo kẹsàn-án parí, ọ̀mì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bọ́ sí ìkẹwàá, òjò dé ní Cleveland, wọ́n sáré fi tapólì bo pápá, epo náà sì tán ní Akúrẹ́. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ jí aládùúgbò tó kan ògiri yẹn gan-an, mo dọ̀bálẹ̀ fún un pé kó jọ̀ọ́ yá mi ní lítà kan, ó wò mí bí ẹni wo wèrè, ṣùgbọ́n ó mú rọ́bà, ó fẹnu fa epo jáde nínú ọ̀kadà ẹ̀ fún mi, ó sì tẹ̀lé mi wá wo ohun tó ń dà mí láàmú. Ìṣẹ́jú 17 péré ni òjò yẹn fi dá eré dúró. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó gbọ́ pé inú òjò yẹn ni Jason Heyward ti kó àwọn Cubs yòókù jọ sí yàrá kan tó bá wọn sọ̀rọ̀ torí ojú wọn ti wálẹ̀. Nígbà tí màá fi tan tẹlifíṣọ̀n padà, Ben Zobrist ti gbá tiẹ̀, 7-6, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e, 8-6, Cleveland dá ọ̀kan padà, 8-7, ọkàn mi ti wà lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn rọra ń yí lọ sọ́dọ̀ Kris Bryant lórí koríko tútù, ó gbé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ẹ̀ kó tó jù ú, ẹ gbọ́ o, kò tíì jù ú, ó ti ń rẹ́rìn-ín! Anthony Rizzo hán an ní béèsì kìíní, ó sì ki bọ́ọ̀lù náà bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀. Aago mẹ́fà ìdájí kù díẹ̀, àkùkọ ti ń kọ. Aládùúgbò mi tó ti jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi láti bíi ogójì ìṣẹ́jú wá béèrè pé, "Ta ló wọlé?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Chicago sọ pé òbúkọ ló ṣépè fún ẹgbẹ́ Cubs yẹn tí wọn ò fi gba ife. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ẹlẹ́ran, Ọjà Ìsíkàn

Ìyá mi, ẹ kú ọjà, ẹ̀ẹ́ tà. Òbúkọ ò ṣépè, olówó ẹ̀ ló ṣé e. Ní 1945, Cubs wà nínú World Series, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Sianis tó ní ilé ọtí kan mú òbúkọ ẹ̀ dání wá sí pápá Wrigley Field. Wọ́n ní kó mú un jáde torí ó ń rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹran, ẹ gbà mí o, òbúkọ wo ni kì í rùn? Inú bí Sianis, wọ́n ló ní Cubs ò ní yege mọ́. Cubs sì fìdí rẹmi lọ́dún yẹn, wọn ò tún fojú kan World Series mọ́ àfi 2016, ọdún 71!

Èmi ò gba èpè yẹn gbọ́ ṣá, torí ìṣirò ẹ̀ ò pé. Cubs ti ń pàdánù bọ̀ látẹ̀yìn 1908, wọ́n ti fi ọdún 37 wá ife tì kí òbúkọ kankan tó dé ẹnu géètì. Ta ló wá ṣépè ti ìgbà yẹn? Adìyẹ?

Èyí tó sún mọ́ èpè díẹ̀ lójú tèmi ni ti Boston Red Sox. Wọ́n gba ife ní 1918, Babe Ruth wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà gbà pé òun ló mọ eré náà jù, ni wọ́n bá ta ọmọkùnrin náà fún Yankees ti New York ní 100,000 dọ́là lẹ́yìn eré 1919. Owó wọlé, ife ò wọlé mọ́. Yankees tí ò tíì gba ife kankan rí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn wá ń kó o bí ẹni ká àgbàdo lóko. Ọdún 86 ni Boston fi sunkún. Ní 2004, àwọn méjèèjì tún pàdé ní ipele tó ṣáájú àṣekágbá, Yankees na Boston ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra, ẹ̀kẹta yẹn 19-8, ìyà nìyẹn. Nínú eré kẹrin, ìyípo kẹsàn-án, Yankees ń na wọn 4-3, Mariano Rivera tí kì í sábà ṣàṣìṣe ló ń ju bọ́ọ̀lù. Boston fi Dave Roberts sí béèsì kìíní, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rán an, kó jí béèsì kejì, ìyẹn ni pé kó sáré débẹ̀ láìdúró de ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo pápá mọ̀ pé ó máa sá, Rivera mọ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti fi mú un. Roberts ṣì sá! Ó fi ọwọ́ kan béèsì, bọ́ọ̀lù dé, ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Bill Mueller gbá a wọlé, ọ̀mì, David Ortiz wá parí ẹ̀ ní ìyípo kejìlá. Boston yege nínú mẹ́rin tẹ̀léra lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù mẹ́ta, ohun tí ẹgbẹ́ kankan ò ṣe rí nínú eré yẹn, wọ́n lọ na St. Louis ní mẹ́rin sí òdo, ọ̀rọ̀ èpè sì tán.

Ẹ̀gbọ́n, aránṣọ ni mí. Mo bá àbúrò mi wo eré yìí lóṣù kẹrin, gbogbo wọn ló wọ 42, ikọ̀ méjèèjì! Ṣé télọ̀ wọn ò mọ nọ́ńbà míì rán ni? — Télọ̀, Arákàlẹ̀

Ẹ má bú télọ̀, ẹ̀yin náà ṣáà ti rán aṣọ ẹbí rí. Aṣọ ẹbí nìyẹn. April 15 lójú gbogbo ọdún ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ní ìrántí Jackie Robinson.

Fún bí ọgọ́ta ọdún, kò sí aláwọ̀dúdú kan nínú líìgì ńlá wọn. Kì í ṣe pé òfin kan wà nínú ìwé o, àwọn tó ni ẹgbẹ́ kàn jọ dì í mọ́nú pé àwọn ò ní gbà wọ́n ni. Àwọn aláwọ̀dúdú ní líìgì tiwọn lọ́tọ̀. Branch Rickey tó ń darí Brooklyn Dodgers ló mú Robinson, ó sì bá a ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá bú u, bí wọ́n tutọ́ sí i lára, kò gbọ́dọ̀ dá a padà. April 15, 1947, Robinson, ẹni ọdún 28, jáde sí béèsì kìíní ní pápá Ebbets Field. Kò gbá nǹkan gidi kankan lọ́jọ́ yẹn, ẹ fọkàn sí i, ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn eré náà, ọkùnrin náà ò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa! Ṣùgbọ́n ó sá yí ká wọlé, Dodgers yege 5-3, nígbà tí ọdún yẹn sì parí òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ àkọ́wọlé tó dára jù. Ní 1997 wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ mú 42 mọ́ nínú gbogbo ẹgbẹ́, àwọn tó ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn ni Mariano Rivera, ẹni tí Roberts jí béèsì lójú ẹ̀ lókè yẹn.

Ta ló gbá home run jù láyé? Àti pé ṣé ohun ìyanu ṣì ń ṣẹlẹ̀ nínú eré yìí àbí ìtàn àtijọ́ nìkan lẹ ń sọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA

Nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, Barry Bonds ni, 762. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fajú ro tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ oògùn agbára, wọ́n á ní Hank Aaron làwọn mọ̀, 755.

Ti Aaron ni kó o lọ wò. Nígbà tí eré 1973 parí, ó ní 713, Babe Ruth ní 714. Ó ku ẹyọ kan, eré sì ti parí fún ọdún náà! Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni lẹ́tà ń dé, àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń sọ pé àwọn á pa á tó bá fi lè kọjá òyìnbó. Bí eré 1974 ṣe bẹ̀rẹ̀ ó ṣe 714, nígbà tó sì di April 8, ní Atlanta, Al Downing jù ú sí i, òun náà wọ 44 bíi ti Aaron, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, 715. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan fò wọ pápá wá, wọ́n ń gbá a léjìká bó ṣe ń sáré, lẹ́yìn ẹ̀mí tí wọ́n ti fi ń halẹ̀ mọ́ ọn yẹn, ìwọ rò ó wò. Ìyá ẹ̀ ló dì mọ́ ọn nígbà tó délé, ó dì í mọ́ra bí ẹni tí ò ní tú u sílẹ̀ mọ́.

Ti òde òní, lọ wo Shohei Ohtani ará Japan, tó ń jù tó tún ń gbá. March 2023, àṣekágbá ife àgbáyé wọn, Japan ń na Amẹ́ríkà 3-2, ó ku ẹnì kan kó áótù, ta ló wá jáde láti gbá? Mike Trout, tí òun àti Ohtani jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nígbà yẹn. Ó jù ú, Trout gbá afẹ́fẹ́, eré parí. Lọ́dún 2024 ó gbá home run 54, ó sì jí béèsì 59, kò sẹ́ni tó pé 50 nínú méjèèjì lọ́dún kan rí.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ mi ò jọ mọ́ eré yín ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i. Góólì-kípà àdúgbò ni mí, bọ́ọ̀lù kan gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá nínú ìdíje kan, ọdún kẹfà rèé, Ẹsẹ̀-Ṣí ni wọ́n ṣì ń pè mí títí dé ọjà. Kí ni kí n ṣe? — Ẹsẹ̀-Ṣí, Oǹdó

Ó jọ mọ́ ọn pátápátá! Àbúrò, o ti gbọ́ Bill Buckner rí? October 25, 1986, New York, Boston ń na Mets 5-3 nínú ìyípo kẹwàá, tí wọ́n bá fi lè yege níbẹ̀ ife délé. Mets ti áótù méjì, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ti kó ọtí ayọ̀ sí yàrá àwọn ará Boston, pátákó pápá tiẹ̀ ti kọ ọ́ pé Boston ẹ kú oríire kí wọ́n tó sáré pa á rẹ́. Ni Mets bá gbá ọ̀kan, wọ́n gbá èkejì, wọ́n gbá ẹ̀kẹta, 5-4, Bob Stanley ju bọ́ọ̀lù kan sọnù, 5-5. Mookie Wilson wá gbá èyí tó rọra ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ Buckner ní béèsì kìíní, bọ́ọ̀lù ọmọdé, Buckner bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. 6-5. Mets tún yege nínú eré keje, ife lọ.

Ìyà tí Buckner jẹ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó le ju ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ lọ, ìdájọ́ mi nìyẹn. Ọ̀mì ni wọ́n ti wà kí bọ́ọ̀lù yẹn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹlòmíì ló ju bọ́ọ̀lù tó fa ọ̀mì yẹn. Odindi eré kan ṣì kù tí wọ́n lè yege níbẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dùn ún gan-an, kóòṣì wọn tí máa ń fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ tí eré bá fẹ́ parí kọ̀ láti yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èèyàn tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa ní 2,715 ìgbà, ẹyọ kan ni wọ́n rántí! Ní 2008, Boston pè é padà wá ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ọdún yẹn ní Fenway Park, gbogbo pápá dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi nu ojú. Ọdún kejìlélógún nìyẹn. Ìwọ ti lo mẹ́fà, má ṣe tíì yí orúkọ padà.

Réfírì ni mí, mo fọn fèrè ọ́fúsáìdì kan tí kì í ṣe ọ́fúsáìdì, mo rí fídíò ẹ̀ lórí fóònù lẹ́yìn náà. Ṣé kí n tọrọ àforíjì àbí kí n dákẹ́? — Réfírì, Òkè-Ìjẹ̀bú, Akúrẹ́

Lọ tọrọ ẹ̀. Kí ajubọ́ọ̀lù kan áótù ẹni 27 láìjẹ́ kí ẹyọ kan dé béèsì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní perfect game, 24 péré ni wọ́n rí nínú gbogbo ìtàn líìgì ńlá títí di 2023, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ló wà nínú World Series, ti Don Larsen ní 1956. June 2, 2010, Armando Galarraga ti Detroit ti áótù ẹni 26. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n gbá a, Miguel Cabrera gbé e, ó jù ú sí Galarraga fúnra ẹ̀ tó ti sáré dé béèsì, ọkùnrin náà áótù kedere, Jim Joyce tó jẹ́ réfírì na ọwọ́ méjèèjì, ó ní kò áótù. Galarraga ò bú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó kàn, ó áótù ìyẹn. Joyce wo fídíò lẹ́yìn eré, ó sunkún, ó wá Galarraga lọ, ó tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì Joyce gan-an ló tún máa ṣe réfírì, Galarraga ni Detroit sì rán láti gbé ìwé orúkọ ikọ̀ fún un lójú gbogbo ayé, Joyce ń fi ọwọ́ nu omi ojú bó ṣe ń gbà á. Wọn ò yí èsì yẹn padà títí dòní. Látì 2014 ni wọ́n ti ń lo fídíò fún irú ẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà kankan ti dé ibẹ̀ rí? — Ẹni tó ń wá ọ̀nà, Ìjàpọ̀

Ó ti débẹ̀. Gift Ngoepe, ará South Africa, inú yàrá kan ní ilé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Randburg ló ti dàgbà torí ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. April 26, 2017, Pittsburgh gbé e wọlé sí Cubs, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife yẹn náà. Ó jáde gbá nígbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, Jon Lester jù ú sí i, ó gbá a gba àárín kọjá, ó dúró sórí béèsì kìíní. Ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní Áfíríkà, òun ni àkọ́kọ́. Ìyá ẹ̀ ti kú ṣáájú.

Olóòtú, ẹ̀yin lẹ kó bá mi! Ọmọ mi ọmọ ọdún mọ́kànlá ka ìwé yín, ó gbẹ́ igi kan, ó fi gbá bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, ó fọ́ lúfà láńlọ́ọ̀dù wa, ó wá ń sá yí ká kọ́ńpáàǹdì pé home run ni. — Màmá Tóbi, Ìdànrè

Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ẹ dúpẹ́ pé bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ni. Ti gidi, èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe inú ẹ̀, wọ́n wé òwú mọ́ ọn gírígírí, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n sì fi òwú pupa rán an ní ojú abẹ́rẹ́ 108, iye ọdún tí Cubs fi wá ife gẹ́lẹ́, ìyẹn ì bá gbé férémù lọ mọ́ lúfà. Ẹ jẹ́ kó máa kọjú sí òkè tó bá ń gbá, kó kẹ̀yìn sí ilé láńlọ́ọ̀dù, òkè Ìdànrè ò ní fọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lọ ra lúfà yẹn, ẹ ra méjì.